Ṣé èrè tó wà nínú ìgbàgbọ́ tó ìdí fún ọlọ́gbọ́n láti gba Ọlọ́run gbọ́?

Ọmọ Kábà (ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀)

Okun gbogbo ilé o. Ọ̀rọ̀ kan ń fa àríyànjiyàn láàárín èmi àti àbúrò mi ọkùnrin, mo sì fẹ́ kí ẹ bá wa dá sí i.

Nígbà tí bàbá wa kú, ẹgbẹ́ àwọn ìyá nínú ìjọ ni kò jẹ́ kí ìyá wa bá a lọ. Wọ́n pín ara wọn, wọ́n ń sùn tì í lálẹ́. Àkókò ebè kíkọ dé, àwọn ọ̀dọ́ ìjọ ló kọ ebè iṣu rẹ̀. Ìyá wa náà á jí ní kùtùkùtù, á kọrin, á gbàdúrà, á wẹ̀, á sì gba ọjà lọ. Mo sọ fún àbúrò mi pé ìgbàgbọ́ yẹn ló gbé ìyá wa ró, ohun tó bá sì lè gbé ènìyàn ró báyìí kì í ṣe ohun tí a ń pè ní àìlọ́gbọ́n. Ó ní òun kò jiyàn pé ó gbé e ró. Ó ní ohun tí òun ń bèèrè ni bóyá òtítọ́ ni. Ó ní irọ́ náà lè tu ènìyàn nínú.

Mo wá nǹkan kà. Ní 2016, àwọn olùwádìí ní Harvard gbé àbájáde kan jáde lórí àwọn nọ́ọ̀sì obìnrin 74,534 ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n tẹ̀ lé fún ọdún 16. Àwọn tó ń lọ sílé ìsìn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́sẹ̀, ewu ikú wọn fi nǹkan bí ìdá 33 nínú 100 dín sí ti àwọn tí kì í lọ rárá. Mo fi han àbúrò mi. Ó ní èrè náà ni mo tún ń sọ.

Ìbéèrè mi nìyí: ṣé ẹni tó ní làákàyè lè torí irú èrè báyìí gba Ọlọ́run gbọ́, kí a má sì sọ pé ara rẹ̀ ló ń tàn?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìsánlú

Ẹ̀gbọ́n, okun o. Ẹ bá mi kí ìyá. Ẹ̀yìn àbúrò yín ni mo wà.

Ẹ tún ohun tí ẹ kọ wò. Ta ló sùn ti ìyá? Ènìyàn. Ta ló kọ ebè? Ènìyàn. Àwọn baba wa ló sọ pé ibi tí ènìyàn kò sí, kò sí imalẹ̀, ìyẹn òrìṣà. Ìwádìí àwọn nọ́ọ̀sì yẹn náà, lílọ sílé ìsìn ni wọ́n kà. Ìgbàgbọ́ ọkàn, ta ló lè kà á? Ẹni tí àìsàn ti dè mọ́lẹ̀ kò lè dìde lọ sí ìsìn. Àwọn olùwádìí gbìyànjú láti yọ ìyẹn kúrò nínú ìṣirò wọn, wọ́n sì ṣe é dáadáa, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò lè fi ìwádìí bẹ́ẹ̀ sọ pé Ọlọ́run wà.

Bí a bá máa fi ìwádìí jà, ẹ jẹ́ ká mú gbogbo rẹ̀ wá. Ní 2006, wọ́n gbé ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà lórí àwọn aláìsàn 1,802 tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn fún. Àwọn tí wọn ò mọ̀ rí gbàdúrà fún apá kan nínú wọn. Àwọn tí wọ́n sọ fún pé dájúdájú wọ́n ń gbàdúrà fún wọn, 59 nínú 100 ni ìṣòro bá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Àwọn tí wọn kò gbàdúrà fún, 51 nínú 100. Ṣé ká wá torí ìyẹn sọ pé Ọlọ́run kò sí? Kò tọ́ bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò ṣe tọ́ láti fi ti àkọ́kọ́ sọ pé ó wà.

William Clifford, onímọ̀ ìṣirò ará Ìlú Ọba, sọ ìtàn ọlọ́kọ̀ ojú omi kan ní 1877. Ọkọ̀ rẹ̀ ti gbó, ó nílò àtúnṣe, ọkọ̀ náà sì fẹ́ kó àwọn tó ń ṣí lọ sí ìlú mìíràn. Ọkàn rẹ̀ ń dà á láàmú. Ó rántí pé ọkọ̀ náà ti lọ tó ti bọ̀ láyọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ó ní Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ibi ṣe àwọn ẹbí wọ̀nyẹn, ó sì fọwọ́ pa iyèméjì rẹ̀ rẹ́ títí ó fi gbà tọkàntọkàn pé kò séwu. Ọkọ̀ rì sáàárín òkun. Ó gba owó inṣọ́ránsì. Clifford ní ẹ̀ṣẹ̀ ọkùnrin yẹn ò ní dín kù ká ní ọkọ̀ náà gúnlẹ̀ láyọ̀, nítorí kò ní ẹ̀tọ́ láti gba ohun tó gbà gbọ́. Ìgbàgbọ́ tu òun náà nínú o.

Ìyá Ìbejì Mọ̀pà

Ẹ̀yin ọmọ, okun o. Èmi ò mọ Clifford. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń jí ènìyàn gbé lójú ọ̀nà wa yìí, mi ò lè gbé ẹsẹ̀ sínú mọ́tò láì gbàdúrà. Àdúrà ni kì í jẹ́ kí n jókòó pa sílé kí ebi máa pa ọmọ. Àwọn ọdẹ wa ń ṣọ́nà, mo ń dá owó tiwọn. Mo ń ṣe méjèèjì.

Nọ́ọ̀sì Yàgbà

Mà, ẹ ṣeun. Ohun tí ẹ sọ gbẹ̀yìn yẹn ni mo fẹ́ mú.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe, ibẹ̀ nìkan ni mo sì ti lè sọ̀rọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dun ènìyàn, ìdí rẹ̀ gan-an tó fi burú nìyẹn. Ẹni tó lo oògùn fún oṣù díẹ̀, tí ara rẹ̀ sì yá gágá, á máa rò pé ó ti tán. Bí ẹnì kan bá wá dìde nínú ìsìn, tó ní o ti rí ìwòsàn, kó oògùn dà nù kí Ọlọ́run lè mọ̀ pé o gbàgbọ́, ara rẹ kò ní sọ fún ọ pé irọ́ ni. Á dákẹ́ títí di ọjọ́ tí rọpárọsẹ̀ bá dé. Mo ti gba irú wọn wọlé. Ẹnu ti wọ́ sápá kan, ó fẹ́ dárúkọ ọmọ rẹ̀, kò jáde. Ọmọ ló ń ṣàlàyé fún wa pé ìyá òun ti fi oṣù mélòó kan pa oògùn tì.

Obìnrin kan wà tó máa ń wá fún àyẹ̀wò. Bíbélì rẹ̀ oní síìpù ni àpótí oògùn rẹ̀. Páálí amlodipine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, wà láàárín Sáàmù, ó ti fi bírò kọ ọjọ́ ọ̀sẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Bó bá ti ṣe “Àmín” àdúrà òwúrọ̀, á gbé hóró kan mì. Nínú gbogbo àwọn tí mò ń wọn ẹ̀jẹ̀ wọn, mi ò mọ ẹni tó ń lo oògùn déédéé tó o. Bí mo bá bi í léèrè, á ní ara tí Ọlọ́run fún òun kì í ṣe ti òun nìkan.

Ẹ̀yin méjèèjì ń sọ “ìgbàgbọ́” bí ẹni pé nǹkan kan ṣoṣo ni. Èyí tó pa oògùn tì ń pe ara rẹ̀ ní ìgbàgbọ́, èyí tó ń rán ènìyàn létí oògùn náà ń pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ẹ tó ṣírò èrè, ẹ kọ́kọ́ sọ èyí tí ẹ ń ṣírò.

Bàbá Tíṣà Ìjùmú

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ. Èmi ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣe tíṣà díẹ̀.

Ìjà yìí pẹ́. Blaise Pascal ará Faransé, tó kú ní 1662, ló gbé e kalẹ̀ lọ́nà tí ayé ò gbàgbé. Ògbóǹtarìgì onímọ̀ ìṣirò ni. Òun àti Fermat, onímọ̀ ìṣirò bíi tirẹ̀, kọ lẹ́tà síra wọn ní 1654 lórí bí ó ṣe yẹ kí a pín owó tẹ́tẹ́ tí a kò ta parí, inú lẹ́tà wọ̀nyẹn ni ìṣirò ohun tó ṣeé ṣe kó ṣẹlẹ̀ ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ó wá mú ìṣirò kan náà lọ sórí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Ó ní làákàyè nìkan kò lè dá ẹjọ́ bóyá Ọlọ́run wà, bẹ́ẹ̀ ni a kò sì lè sọ pé a ò ní ta, torí a ti wọ ọkọ̀ ná. Bí o bá ta síhà pé ó wà, tó sì wà lóòótọ́, èrè rẹ kò lópin. Bí kò bá sí, ohun tí o pàdánù kò tó nǹkan. Òǹkà èyíkéyìí tó bá lópin, bó ti wù kó tóbi tó, kò lè bá èyí tí kò lópin dọ́gba.

Ó mọ̀ pé ẹnì kan á sọ pé, “Mo gbọ́, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò gbà, mi ò sì lè fipá mú un.” Ó dá onítọ̀hún lóhùn pé kó máa ṣe bí àwọn tó gbàgbọ́ ti ń ṣe: kó máa fi omi mímọ́ kan ara, kó máa lọ sí Máàsì, ọkàn á tẹ̀ lé ara. Àwọn ọmọ ilé ìwé gíga máa ń rẹ́rìn-ín sí ibẹ̀. Èmi ò rẹ́rìn-ín, torí bí ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa nílẹ̀ yìí ṣe di onígbàgbọ́ nìyẹn. Wọ́n pọ̀n wá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kí a tó mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń fi Pascal jà kì í sábà mẹ́nu kàn. Lálẹ́ ọjọ́ 23 oṣù Kọkànlá ọdún 1654 yẹn kan náà, ohun kan dé bá a. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó rán an mọ́ inú ẹ̀wù rẹ̀, kò sì ṣí i han ẹnikẹ́ni. Ìgbà tó kú ni ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ tó rí i. “Iná” ló kọ sókè ìwé náà. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló ti kọ pé Ọlọ́run Ábúráhámù, Ọlọ́run Ísáákì, Ọlọ́run Jékọ́bù ni, kì í ṣe Ọlọ́run àwọn amòye. Ṣé ẹ rí i? Àwọn tí kò gbàgbọ́ ló kọ ọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́ yẹn fún. Òun fúnra rẹ̀ kò ti ibẹ̀ wọlé.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìsánlú

Bàbá, ẹ ṣeun gan-an ni. Mi ò gbọ́ ti ìwé inú ẹ̀wù yẹn rí.

Ìbéèrè mi ni pé, Ọlọ́run wo ni ká ta tẹ́tẹ́ lé lórí? Diderot, amòye ará Faransé bíi ti Pascal, ti sọ ọ́ ní ọ̀rúndún kejìdínlógún pé ìmáàmù lè fi ìṣirò kan náà pe ènìyàn. Bí wọ́n bá bí mi sí Bídà, níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti jẹ́ Mùsùlùmí, ńkọ́? Nínú agboolé kan náà ní Kábà, ẹ máa rí Kátólíìkì, ẹ máa rí Mùsùlùmí, ẹ máa rí àgbàlagbà tó ṣì ń wárí fún ẹ̀bọra. Èrè tí kálukú ń rí, ẹnu kálukú kò gbà á tán.

Alfa Kábà

Àsàlámù àlékùm. Okun o, ẹ̀yin ará. Wọ́n ti dárúkọ ìmáàmù, ó di dandan kí n wọlé.

Ọmọ mi, òótọ́ lo sọ, ìṣirò yẹn kò lè yan ẹ̀sìn fún ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé gbogbo yín ń jiyàn lórí èrè, ẹ ò wo ohun tí ẹ̀sìn fúnra rẹ̀ sọ nípa ẹni tó wá torí èrè. Ní Súúrà Hajj, ẹsẹ 11, Al-Kùránì sọ̀rọ̀ ẹni tó ń sin Ọlọ́run létí bèbè: bí oore bá kàn án, ọkàn rẹ̀ balẹ̀, bí àdánwò bá kàn án, ó yí padà, ó sì pàdánù ayé àti ọ̀run. Ánábì wa ní èrò ọkàn ni a fi ń gba iṣẹ́. Ẹni tó ń kírun kí wọ́n lè gbà á sẹ́gbẹ́, tàbí kí ọjà rẹ̀ lè tà, ṣekárími ni a ń pè é.

Ẹ̀yin ẹlẹ́sìn Krístì náà ní i. Nínú ìwé Jóòbù, orí kìíní, ẹsẹ 9, ta ló béèrè bóyá Jóòbù ń bẹ̀rù Ọlọ́run lásán? Èṣù ni. Ó ní ẹ mú èrè kúrò ká wò ó. Ìbéèrè àbúrò Ọmọ Kábà gan-an nìyẹn, kò sì sí ẹni tó bá a wí nínú ìwé yẹn pé kò yẹ kó bèèrè. Wọ́n gba gbogbo nǹkan lọ́wọ́ Jóòbù kí ìdáhùn lè jáde.

Nítorí náà, èmi ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni fi èrè gbèjà ẹ̀sìn mi. Bí èrè bá lọ lọ́la, ṣé mo máa kó ẹní ìkírun mi nílẹ̀ ni?

Ọmọ Kábà

Alfa, ẹ gbá mi lẹ́nu mú. Mi ò rí ọ̀rọ̀ Jóòbù bẹ́ẹ̀ rí.

Ajíhìnrere Ẹ̀gbẹ̀

Ẹ̀yin ará, ẹ ń fi ọgbọ́n orí ká Ọlọ́run mọ́. Ìgbàgbọ́ ni ìdánilójú ohun tí à ń retí. Nígbà tí Titcombe, míṣọ́nnárì ará Kánádà, dé Ẹ̀gbẹ̀ ní 1908, ẹ̀rí wo ló ní lọ́wọ́ pé ẹnikẹ́ni á gbọ́ tirẹ̀? Ká ní ó dúró de ẹ̀rí, ibo ni ilé ìwé wa ì bá wà, ibo ni ilé ìwòsàn ìjọ ECWA ì bá wà? Àwọn tó ń kọ ọ̀rọ̀ níhìn-ín, ọ̀pọ̀ wọn kàwé nítorí pé ẹnì kan gbàgbọ́ láìrí.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìsánlú

Sà, mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ tí wọ́n ṣe, ìdílé tèmi náà jẹ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ènìyàn lè fi ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ ṣe iṣẹ́ ńlá. Iṣẹ́ náà dára, ìyẹn nìkan kò sọ pé ohun tó tì í síwájú jẹ́ òtítọ́. Lọ́dọ̀ àwọn baba wa ẹ̀wẹ̀, èrè ni wọ́n fi ń dán òrìṣà wò. Wọ́n ní “Òrìṣà, bí o kò lè gbè mí, ṣe mí bí o ti bá mi.” Bí kò bá gbè wọ́n, wọ́n á wá òmíràn lọ. Kò sí ẹni tó pè wọ́n ní aláìlọ́gbọ́n. Ó jọ pé ohun tí Alfa ń sọ àti ohun tí àwọn baba wa ń ṣe kò bára mu, mo sì fẹ́ mọ èyí tó bọ́gbọ́n mu jù.

Ọmọ Bùnú l'Ábújá

Okun. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ láti àná.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìsánlú, o mú Clifford wá, o kò mú ẹni tó dá a lóhùn wá. Ní 1896 ni William James, amòye ará Amẹ́ríkà, dìde sí i. Kò sọ pé kí ènìyàn gba ohun tó bá wù ú gbọ́. Ó ní àwọn ọ̀ràn kan wà tí ẹ̀rí kò lè parí, tí ó kan ayé ènìyàn gbọ̀ngbọ̀n, tí àìyàn gan-an sì jẹ́ yíyàn. Nínú irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀, ẹni tó ní òun á dúró títí ẹ̀rí á fi pé ti yan nǹkan náà: ó ti yan láti bẹ̀rù àṣìṣe ju bó ṣe ń fẹ́ òtítọ́ lọ. James ní kí ló dé tí ẹ̀rù yẹn fi gbọ́n ju ìrètí lọ?

Ó tún ní àwọn òtítọ́ kan wà tí kì í dé bí a kò bá kọ́kọ́ gbà wọ́n gbọ́. Ẹ wo àjọ tí àwọn ìyá wa ń dá. Bí ẹni mẹ́wàá bá jókòó, tí kálukú ní òun ò ní dá títí òun á fi rí ẹ̀rí pé àwọn yòókù kò ní sá lọ, àjọ kò ní bẹ̀rẹ̀ láéláé. Ìgbàgbọ́ tí wọ́n ní síra wọn ló sọ àjọ náà di ohun tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé.

Mo máa sọ ibi tí ó kù sí fún mi. Ìgbàgbọ́ lè sọ àjọ di òtítọ́, ó lè sọ ọ̀rẹ́ di ọ̀rẹ́, ó lè mú kí opó dìde lórí ẹní. Kò lè sọ Ọlọ́run di ẹni tó wà bí kò bá sí. Níbẹ̀, àbúrò Ọmọ Kábà ṣì ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Ohun tí James fún wa ni ẹ̀tọ́ láti gbàgbọ́ níbi tí ẹ̀rí dákẹ́ sí. Kò fún wa ní ẹ̀tọ́ láti dijú níbi tí ẹ̀rí ti ń sọ̀rọ̀.

Nọ́ọ̀sì Yàgbà

Ọmọ Bùnú, ẹ ti bá mi sọ ọ́. Níbi tí ẹ̀rí ti ń sọ̀rọ̀! Ọlọ́kọ̀ inú ìtàn Clifford, ọkọ̀ wà níwájú rẹ̀, káfíńtà wà nílùú, ó lè ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ó kọ̀. Ẹni tó kó oògùn dà nù, a lè wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Wọ́n ní kó má jẹ́ kí a wọ̀n ọ́n. Ìyá Ọmọ Kábà ńkọ́? Kí ló kọ̀ láti wò? Ó mọ̀ pé ọkọ òun kú. Ó sin ín. Ó mọ iye iṣu tó wà lóko. Kò sí ohun kan tí wọ́n fi hàn án tó ní òun kò rí. Mi ò lè pe ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ní orúkọ ìkejì.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìsánlú

Mo gbà bẹ́ẹ̀. Mo ṣì ń bèèrè ti Bídà àti Kábà o, kò tíì sí ẹni tó dá mi lóhùn.

Bàbá Tíṣà Ìjùmú

Ìbéèrè yẹn tọ́. Ohun tí mo lè sọ ni pé ibi tí ènìyàn ti gba ọ̀rọ̀ kan kò sọ bóyá ọ̀rọ̀ náà rí bẹ́ẹ̀ tàbí kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwọ náà, bí wọ́n bá bí ọ ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn ní Ìsánlú, o kò ní máa ṣiyèméjì báyìí, ìyẹn kò sì sọ iyèméjì rẹ di òfo. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ó mú kí ohùn wa rẹlẹ̀, tèmi náà. Ẹni tó mọ̀ pé òun ì bá wà lódìkejì kò yẹ kó máa fi ọ̀run àpáàdì dẹ́rù ba aládùúgbò rẹ̀.

Ọmọ Ìyàrà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì, ohun tí ẹ sọ ló ń ṣẹlẹ̀ nílé wa báyìí. Olùṣọ́ àgùntàn kan ti sọ fún ìyá mi pé kó fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sílẹ̀. Bí mo bá sọ̀rọ̀, á ní mo ti kàwé jù. Báwo ni kí n ṣe é?

Nọ́ọ̀sì Yàgbà

Má bá a jiyàn lórí Ọlọ́run rárá. Bí o bá ti gbé e gba ibẹ̀, ó ti parí, torí á rò pé o fẹ́ gba ìgbàgbọ́ lọ́wọ́ òun.

Lọ wá ẹni tó bá a dọ́gbà nínú ìjọ náà, tó sì ń lo oògùn tirẹ̀. Ó máa wà, wọ́n pọ̀. Kí onítọ̀hún bá a sọ ọ́ bí ìyá sí ìyá. Lẹ́yìn náà, mú un lọ wọn ẹ̀jẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, má jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí wọ́n bá wọ̀n ọ́n, jẹ́ kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí òǹkà náà, kí ẹ kọ ọ́ sí kádí rẹ̀. Bí ó bá ga, kó má kàn padà máa mu èyí tó kù nílé bó ṣe wù ú, ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ ló máa sọ iye tó máa lò. Bí olùṣọ́ àgùntàn bá ṣeé bá sọ̀rọ̀, mú kádí náà lọ bá a pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí o ní kó gbàdúrà lé oògùn náà lórí kí ìyá lè máa lò ó. Mo ti rí ibi tó ti gbà. Bí orí bá ń fọ́ ìyá gan-an, bí ojú rẹ̀ bá ń ṣú, bí apá tàbí ẹsẹ̀ kan bá ń kú, má dúró de ẹnikẹ́ni, gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kódà bó jẹ́ àárín òru.